Orval Méjì, Gbèsè Ọsibítù Kan

Orval ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara Kaylin le, ṣé ọmọ inú rẹ̀ ń yí dáadáa? Ọlọ́run tó gbé bàbá rẹ dìde lórí ibùsùn ọsibítù kò ní jẹ́ kí ẹ̀yin mọ ọ̀nà ibẹ̀, àfi ti ìbímọ, tí ẹ ó lọ ní méjì tí ẹ ó bọ̀ ní mẹ́ta.

Ojú ibi tí wọ́n ti la bàbá rẹ láyà ti jiná, ó sì ti ń rìn dé ìdí àpótí lẹ́tà létí títì, ṣùgbọ́n mo ti ní kó má lọ síbẹ̀ mọ́, torí ohun tó ń bá níbẹ̀ kì í jẹ́ kó jẹun. Ajá wa bí mẹ́rin sábẹ́ àtẹ̀gùn. Ẹ̀wà Delphia aládùúgbò wa kò so lọ́dún yìí, tiwa so, ó sì ní kí n kí ọ.

Láti ọjọ́ Ìsinmi tí o ti pè pé bánkì kò yá ọ lówó ilé mọ́ torí pé máàkì rẹ wálẹ̀, oorun kò kùn mí. Orval, ìwọ tó gba ipò kejì ní kíláàsì kẹfà! Mo tú àpótí abẹ́ ibùsùn, mo rí káàdì iléèwé rẹ tí Miss Lovins fọwọ́ sí, òun ni mo fi sínú lẹ́tà yìí, kí o gbé e lọ fún bánkì náà. Ìṣirò, A. Ìwà, A. Ìwé kíkọ nìkan ni C, ọwọ́ ọ̀tún rẹ tó kán lọ́dún náà ló sì fà á. Bí wọn kò bá gbà á gbọ́, Miss Lovins ṣì wà láàyè, orúnkún nìkan ló ń dà á láàmú.

Delphia ló wá ṣàlàyé fún mi pé kì í ṣe máàkì iléèwé. Ó ní àwọn kan wà tó ń ṣọ́ bí ènìyàn ṣe ń san gbèsè, tí wọ́n sì ń fi nọ́ńbà sí i lórúkọ. Mo bi í pé ta ló yàn wọ́n, ó ní òun kò mọ̀. Mo ní gbèsè wo wá ni Orval jẹ? Ó ní Orval wo ni mò ń wí, bàbá ni àbí ọmọ.

Ọmọ mi, ibẹ̀ ni mo ti rántí ọkùnrin kan tó pè lórí fóònù lóṣù kẹta.

Ọkùnrin náà mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní òun ń wá Orval Stidham. Oògùn ti gbé bàbá rẹ sùn, n kò sì fẹ́ jí i. Ó béèrè bóyá Orval níṣẹ́ lọ́wọ́. Bàbá rẹ kò níṣẹ́ látìgbà tí wọ́n ti ti ibi ìwakùsà pa, ojú sì tì mí láti sọ bẹ́ẹ̀ fún àjèjì, ni mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá ni Orval ní ilé ìkẹ́rùsí ní Columbus, kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ńlá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ó mà dára o, níbo ló ń gbé? Mo ka àdírẹ́sì rẹ fún un lára káàdì Kérésì. Ó béèrè ọjọ́ ìbí, mo sọ ọ́, mo tún fi kún un pé yìnyín ń bọ́ lọ́jọ́ náà, mọ́tò kò lè gun òkè wa. Mo ṣe bí ó fẹ́ fi káàdì ọjọ́ ìbí ránṣẹ́ sí ọ ni. N kò mọ̀ pé gbèsè bàbá rẹ ni mò ń júwe ọ̀nà ilé rẹ fún.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo gbé itan ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ tó dára jù lọ́wọ́ wa, mo wa mọ́tò lọ sí ọsibítù. Bí ìyá bàbá rẹ ṣe san owó dókítà nìyẹn nígbà tó bí i, dókítà sì dúpẹ́. Ọmọbìnrin ojú fèrèsé ní àwọn kò gbọdọ̀ gba ẹran, àti pé gbèsè náà kò tilẹ̀ sí lọ́wọ́ àwọn mọ́, àwọn ti tà á. Mo bi í pé ta ló ń ra gbèsè, nígbà tí àwa kò rí ẹni ra màlúù. Àánú mi ṣe é. Ó ní kí ìwọ kọ̀wé sí àwọn tó ń fún ènìyàn ní nọ́ńbà pé gbèsè náà kì í ṣe tìrẹ, àti pé bí mo bá kó ìwé ìbí ìwọ àti ti bàbá rẹ wá lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun yóò bá wa tẹ lẹ́tà pé bàbá ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, kì í ṣe ọmọ. Mo gbé ẹran náà sílẹ̀ lórí àga, mo sáré jáde.

Má bínú sí mi, Orval. Àwọn mìíràn ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ, gbèsè ni èmi fi ránṣẹ́ sí ọ.

Ojú ń tì mí láti béèrè, ṣùgbọ́n epo mọ́tò ti tán. Fi ogún dọ́là ránṣẹ́ kí ọjọ́ Ẹtì tó pé, kí o sì fi owó gidi sínú àpòòwé. Má fi ránṣẹ́ sórí fóònù mọ́, torí èyí tí o rán lọ́jọ́sí, mo ṣí ẹ̀yìn fóònù náà, n kò rí nǹkan kan níbẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ bàbá rẹ. Ìwọ náà mọ̀ pé láti ìgbà tí Kaylin ti lóyún ló ti ń kan ibùsùn ọmọ, ó sì ti gbẹ́ Orval Kẹta sí ibi ìgbórílé rẹ̀. Lánàá ó gbé e síta, ó mú sáńpépà, ó ń ha orúkọ náà kúrò. Mo ní kó fi í sílẹ̀, kó má fi àyà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò wojú mi. Ó ní, "Kọ̀wé sí wọn kí wọ́n fún ọmọ yẹn lórúkọ tiẹ̀, kí gbèsè mi má baà mọ ilé ẹ̀."

Ọlọ́run yóò fún yín ní ilé tí ẹnikẹ́ni kò ní lé yín kúrò níbẹ̀, ọmọ náà yóò sì wá ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Ibùsùn rẹ̀ ti dán báyìí. Orúkọ tó bá wù yín ni kí ẹ kọ ránṣẹ́, bàbá rẹ yóò gbẹ́ ẹ.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ nínú yìnyín.