Ẹ̀rọ Bàbá Rẹ Ní Òun Kò Rí I

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ìyàwó rẹ ń gbádùn, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun dáadáa, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ nígbà tí o wá síbi ìsìnkú ti fi ọ́ sílẹ̀? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ohun tí o fi ọwọ́ ara rẹ gbé kalẹ̀ sọnù mọ́ ọ lójú, kò ní jẹ́ kí o jókòó lórí oore rẹ kí o tún máa wá a kiri. Àmín. Àdúrà tuntun nìyẹn, èmi ni mo ṣe é, ohun tí ojú mi rí ló kọ́ mi. Bí o bá fẹ́ mọ̀ nípa tiwa, a wà. Òrùlé ilé ìdáná ti ń jò, ewúrẹ́ aládùúgbò ti jẹ gbogbo ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé tán, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ obìnrin tó kó wá bá mi gbé lẹ́yìn ìsìnkú sì ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìwọ̀nyí ni mo ṣe mú bírò.

Ó ní ìdí tí mo fi kọ̀wé dípò kí n pè ọ́. Lórí fóònù, bí mo bá ti kí ọ tán ni wàá ti ní o wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí mo bá bi ọ́ pé ìgbà wo lo máa wálé, wàá ní ò ń bọ̀. Mi ò bá ọ jà, mo mọ̀ pé iṣẹ́ ìgboro kò dẹrùn. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kò lè sọ fún mi pé òun wà lẹ́nu iṣẹ́, ó di dandan kó gbọ́ mi dópin.

Kọ̀ǹpútà tí o rà fún bàbá rẹ ló fẹ́ pa mí. Ṣé o rántí pé nígbà tí a sin ín tán, ìwọ lo sọ fún mi pé ó sọ fún ọ pé òun gba ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà fún èmi, ní ohùn ara òun? Láti ọjọ́ náà ni n kò ti ní ìsinmi. Ojú rẹ̀ kò lè lọ, fọ́tò rẹ̀ wà lára ògiri. Ohùn rẹ̀ ló ń lọ. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ń gbálẹ̀ mo máa ń gbọ́ ọ létí mi tó ń ní kí n gbá abẹ́ àga. Ní báyìí, mo máa ń dúró ti ìgbálẹ̀, màá dákẹ́, n kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ohun yòówù tí ó gbà, màá gbọ́ ohun tó wà nínú ẹ̀rọ yẹn kí n tó kú.

Mo jókòó síwájú rẹ̀ bí o ṣe kọ́ mi. Mo rí ihò gbọọrọ tí a ń kọ ohun tí a bá ń wá sí, wọ́n ya awò ojú kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo tó ní ọwọ́. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rọ náà ni ojú ń dùn, mo bá nu ojú rẹ̀, mo sì gbé awò ojú bàbá rẹ kalẹ̀ níwájú rẹ̀ bóyá yóò ràn án lọ́wọ́. O sì mọ̀ pé láti ọjọ́ tí mo ti wọlé bàbá rẹ, n kò pe orúkọ rẹ̀ rí. N kò pè é lójú rẹ̀, n kò pè é lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí ó kú ni màá wá fi ìka tẹ̀ ẹ́ létí ẹ̀rọ bí ẹni tí kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Mo kọ Bàbá ilé wa, ẹ̀rọ ní òun kò rí i. Mo kọ Olówó orí mi, kò rí i. Mo wá rò ó pé bóyá n kò kí i ni, mo bá kọ ọ́ pé ẹ kú iṣẹ́ o, ìyàwó ẹni tó ni yín ni mí, ẹ jọ̀ọ́, ohùn rẹ̀ ni mò ń wá. Òbìrí kan yí po, ó yí po, ó tún dá mi lóhùn pé kò sí ohun tó jọ ọ́.

Ẹ̀kún ni mo sun. Bàbá rẹ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣọ́ ilé ìkẹ́rù ọsibítù, tí wọ́n lè ní kó mú báńdéèjì wá nínú òkùnkùn tí kò ní tan iná, pé kí ohun tí òun fi pamọ́ di àwátì. Mo pè ọ́ lórí fóònù, o ní kí n pa á kí n tún tan án. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. O ní tó bá di òpin ọ̀sẹ̀ ìwọ fúnra rẹ yóò wá wò ó, o ní ò ń bọ̀.

Nígbà tí omi pọ̀ ju ọkà lọ, mo lọ pe atúnkọ̀ǹpútàṣe tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ọkùnrin apárí kan ni, tí kì í rẹ́rìn-ín àfi bí wàhálà bá bá ẹlòmíràn. Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ó ní nínú kọ̀ǹpútà, àkọsílẹ̀ kan wà tó ń sọ ohun gbogbo tó ní àti ibi tí wọ́n wà, pé àkọsílẹ̀ náà ló bàjẹ́. Ó ní bí ó bá ti bàjẹ́ báyẹn, ẹ̀rọ lè jókòó lórí nǹkan kó máa búra pé òun kò ní in. Mo sọ fún un pé mo ti bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbé rí, ìyá ọkọ mi ni. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti pàṣẹ fún un kó da àkọsílẹ̀ àtijọ́ nù, kó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹrù rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, pé kí n fi í sílẹ̀ kó kà á tán.

Ìyẹn yé mi yékéyéké. Ṣé o rántí bí bàbá rẹ ṣe máa ń ṣe bí ó bá ń ka ẹrù ní ìparí ọdún? Á ti ilẹ̀kùn, ẹni tó bá kí i ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí owú. Mo bá sọ gbogbo ilé di jẹ́jẹ́. Mo gbé aago ògiri jáde nítorí ariwo rẹ̀. Mo bẹ aládùúgbò kó má ṣe gún nǹkan lọ́sàn-án. Mo gbé ibùsùn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ lọ sí yàrá ẹ̀yìn nítorí ìhanrun, ó sì bínú sí mi, ó ní a ti fi ẹ̀rọ jọba lórí òun. Bí mo bá fẹ́ kọjá ní pálọ̀, ọmọ-ìka ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn. Bí ó bá sì di ìrọ̀lẹ́, màá fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri, màá kí i kú iṣẹ́, màá fi súwẹ́tà bàbá rẹ bò ó. Ta ló ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru? Bàbá rẹ fúnra rẹ̀, bó ti wù kí ẹrù kù tó, á ti ilé ìkẹ́rù bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, á máa bọ̀ wálé. Ìwọ náà kúkú ti ní kí n máa pa á kí n máa tan án.

Nígbà tí ọkùnrin apárí padà wá, ó bi mí pé kí ló dé tí kò tíì kà á tán. Mo fi ìdùnnú ṣàlàyé ìtọ́jú tí mo ń ṣe é. Ó di orí mú. Ó ní ojoojúmọ́ tí mo bá ti fa wáyà yọ báyẹn, ńṣe ni mò ń já ìwé gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ̀wé, pé àkọsílẹ̀ tuntun náà ń bàjẹ́ ni, ó sì ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ mi, oore tí mò ń ṣe é ló ń pa á. Ó wá ní ọ̀nà tó yá jù ni kí a kúkú fọ kọ̀ǹpútà náà mọ́, pé yóò dà bí tuntun. Mo ní kí Ọlọ́run bù kún un, mo dìde lọ gbé omi kaná. Ìgbà tí mo béèrè bóyá kí n fi ọṣẹ sí i ló ṣàlàyé pé kì í ṣe omi, pé gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ni yóò lọ. Mo gbá ẹ̀rọ náà mọ́ra, mo ní bí ó bá fẹ́ fọ nǹkan kó lọ fọ ẹnu rẹ̀. Mo ti bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wà ní títàn títí yóò fi kà á tán, iná kì í sì í gbé ilé wa di àárọ̀. Nítorí náà, jọ̀wọ́, fi owó epo jẹnẹrétọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Bí ó bá ṣẹ́ kù, màá fi ra páànù kan dí òrùlé ilé ìdáná, bí kò bá ṣẹ́ kù, kí òjò máa pa ìkòkò. Mo mọ̀ pé owó kò sí níta. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́ ni mo ṣe sọ ọ́.

Ibí ni mo ti fẹ́ pa lẹ́tà yìí dé, mi ò tíì fi í ránṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi yí padà. Wẹ́ẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ níwájú ilé gbọ́ ẹjọ́ mi, ó jẹ́ kí a fa wáyà láti inú jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀, ẹ̀rọ sì ka ẹrù rẹ̀ tán. Ọkùnrin apárí ní ó kù kí a tẹ orúkọ ẹni tó ni ohùn. Mo wo ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ní òun ló pọ̀n ọ́n, orúkọ rẹ̀ kò lè wúwo lẹ́nu òun. Ó dìde dúró síwájú kọ̀ǹpútà, ó sì pe orúkọ náà tagbáratagbára bí ẹni tó ń pe ọmọ wálé láti ìta. Ọjọ́ kẹta tí a sin ín ni mo ti gbọ́ orúkọ yẹn nínú pálọ̀ gbẹ̀yìn. Gbogbo wa na etí sí ẹ̀rọ. Ẹnikẹ́ni kò dáhùn, ìyá arúgbó náà sì bú sẹ́kún, ó ní ọmọ náà kì í ṣe aláìgbọràn.

Nígbà tó ṣe, ọkùnrin apárí di ìka ìyá arúgbó náà mú, ó bá a tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́tẹ̀ yìí ẹ̀rọ rí nǹkan. Ó kó ìwé owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ jáde, káàdì ọsibítù, àti ètò ìsìnkú tí ìwọ fúnra rẹ tẹ̀. Gbogbo ohun tí a kọ nípa rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ohun tí òun sọ ni kò sí. Ọkùnrin apárí palẹ̀ mọ́. Bó ṣe ń wọ bàtà, ó ní àwọn kan máa ń fi orúkọ ẹni tí wọ́n gba ohùn sílẹ̀ fún pe ohùn náà. Ó lọ. Mo tẹ Màmá, mo tẹ orúkọ tí wọ́n ń pè mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo tẹ orúkọ tìrẹ mọ́ ìyá, pàbó ló já sí.

Orúkọ kan wà tí òun nìkan ń pè mí, láti ìgbà tí a wà lọ́mọdé. N kò ní kọ ọ́ síbí. Ẹnikẹ́ni kò tíì pè mí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó lọ. Mo dúró kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sinmi, mo tẹ̀ ẹ́, ó sì jáde, òun nìkan ṣoṣo.

Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó pe orúkọ náà, ó ní kí n wá jókòó ti òun, pé lójú mi lòun fẹ́ sọ ọ́. Ní òkèèrè mo gbọ́ obìnrin kan tó dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé pé òun ń bọ̀, kí ó jẹ́ kí òun sá aṣọ tán. Èmi ni. Lẹ́yìn náà kò sí ohùn, àga rẹ̀ ló ń dún. Ó tún pè mí. Mo tún ní mò ń bọ̀. Ó dúró dè mí títí, mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ó wá sọ jẹ́jẹ́ pé, “Kò burú, nígbà tí o bá dé.” Ó parí síbẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ títí, n kò dé rárá nínú rẹ̀.

N kò rántí ọjọ́ náà, ọmọ mi. Ọjọ́ aṣọ fífọ̀ lásán ni. Bóyá nígbà tí mo fi wọlé ó ti sùn, bóyá ó ti gbàgbé, bóyá ó ń retí ọjọ́ mìíràn. Ohun tó fẹ́ sọ ti bá a lọ.

Owó epo tí mo béèrè lókè yẹn, má fi ránṣẹ́ mọ́. Fi wọ ọkọ̀. Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà, yóò ṣọ́ ìyàwó àti àwọn ọmọ, o kò ní fi ẹsẹ̀ kọ, o kò ní bá ilé lófo. Bí mo bá tún bi ọ́ lórí fóònù pé ìgbà wo lo máa wá, tí o sì ní ò ń bọ̀, jọ̀wọ́, máa bọ̀.

Èmi ni,
ìyá rẹ, tó jókòó ti ẹ̀rọ.