Bíréèkì Tí A Yá fún Ọjọ́ Visite

Mo pa irọ́ kan náà fún ọkùnrin kan lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, obìnrin kan kú. Lẹ́yìn ti ìkejì, wọ́n fọ́ orí bàbá mi. Ẹ̀yin òǹkàwé, mi ò lè fi orúkọ mi sí lẹ́tà yìí, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ bí ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ tó bú mi, ẹ jẹ́ kí n ya ohun tí mo fojú ara mi rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí mo kàn gbọ́... ohun kan ṣoṣo tí mo ṣì lè ṣe dáadáa nìyẹn.

Ouagadougou ni wọ́n bí mi sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni Bàbá ti wá, ó ń ta ohun èlò ọkọ̀ ní Bilbalogo, nítòsí ọjà ńlá, ó sì ní kámíò kan tó ń ru ẹrù. Nígbà tí mo ti Dakar dé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí mi ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìwé kámíò yìí ni Bàbá kọ́kọ́ fi lé mi lọ́wọ́. Ọdọọdún ni ìjọba Faransé ń yẹ ọkọ̀ wò, visite ni à ń pè é, ọkọ̀ tí ọjọ́ visite rẹ̀ bá sì ti kọjá, àwọn jandáàmù, ọlọ́pàá ìjọba náà, á gbà á. Èmi kì í gbàgbé. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọjọ́ náà sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ìsọ̀, bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì màá rán Bàbá létí, bí ó bá ku ọjọ́ mẹ́ta màá tún rán an létí. Bàbá a máa fi mí yangàn lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé láti ìgbà tí òun ti ní akọ̀wé nílé, jandáàmù kan ò rí òun mú mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí a ṣe ń ṣe é. Kì í ṣe àwa nìkan o, mo mọ mẹ́rin nínú àwọn tó ń ta ohun èlò ọkọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo fojú rí wọn, àwọn yòókù ni mo kàn gbọ́ nípa wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ visite, a ó tú táyà tó ti gbó, a ó tú bàtà bíréèkì tó ti jẹ, ìyẹn àwọn irin oníwọ̀ tó ń di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú, a ó sì fi tuntun inú ìsọ̀ rọ́pò wọn. Bí tiwa kò bá pé, a ó yá ti ará ilé wa kan tó ń tà á. Kámíò á yege. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti tú tuntun kúrò, a ti nù ún, a ti dá a padà sínú páálí fún ẹni tí yóò rà á, àwọn ti àtijọ́ á sì padà sí ẹsẹ̀ kámíò. Bàbá máa ń sọ pé ọjà ni, pé alásọ kì í wọ aṣọ tó fẹ́ tà. Ìwé wa kò kọjá ọjọ́ rí. Ìwé wa mọ́.

Ìsíáká ni awakọ̀ wa. Ọmọ Mọ̀sí ni, ẹ̀yà onílẹ̀ níbí, ó ti wà lọ́dọ̀ Bàbá kí n tó mọ ìwé kà, Yorùbá sì dùn lẹ́nu rẹ̀ ju tèmi lọ. Akọ̀wé ló ń pè mí. Lọ́jọ́ visite ọdún yìí, bí a ti ń tú àwọn tuntun kúrò, ó dúró tì mí, ó ní, "Akọ̀wé, àwọn ti iwájú yìí, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún mi. Àwọn àtijọ́ tí ẹ fẹ́ dá padà sẹ́sẹ̀ kámíò yẹn, irin ló ń họ irin. Bá mi sọ fún Bàbá." Mo ní màá sọ. Ní ọjọ́ kẹta ó bi mí pé ibo lọ̀rọ̀ dé. Mo ní mo ti sọ, pé Bàbá ní kó ṣe sùúrù. Mi ò sọ nǹkan kan fún Bàbá. Nǹkan kan báyìí. Ìsíáká rẹ́rìn-ín, ó ní, "D'accord. Sùúrù Bàbá ni yóò máa tẹ bíréèkì fún mi nìyẹn."

Kí ló dé tí mi ò sọ? Mo ti bi ara mi títí. Ọwọ́ Bàbá yá láti gbá ènìyàn, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò bí ọ̀mọ̀wé: àwọn bàtà yìí ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì, wọn ò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, nítorí náà wọn ò ní ṣe é lọ́dún yìí. Ẹ wò ó. Ohun tí ìwé tí mo kà kọ́ mi nìyẹn.

Kò ju oṣù kan lọ lẹ́yìn náà. A lọ kó òkúta ní Pissy, níbi tí wọ́n ti ń fi òòlù fọ́ ọ, èmi ni mo jókòó ti Ìsíáká nítorí pé ọwọ́ mi ni ìwé máa ń wà. Ọ̀sán gangan ni. Bí kámíò ti dojú kọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pẹ̀lú ẹrù òkúta lẹ́yìn, Ìsíáká tẹ bíréèkì, mo gbọ́ tí nǹkan kan ké bí ẹran tí wọ́n ń pa, ó tún tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ pátápátá. Ó ń fọn fèrè, ó ń já jíà, ó yà kúrò lójú ọ̀nà kó má baà gba àárín àwọn tó jókòó ń fọ́ òkúta, ó sì fi kámíò sọ òkìtì òkúta. Obìnrin kan wà lẹ́yìn òkìtì náà, agbọ̀n òkúta wà lórí rẹ̀, kò tilẹ̀ ráyè sọ̀ ọ́. Kámíò fún un mọ́ àpáta láti ìbàdí. Ó wo mí láti inú gíláàsì tó fọ́. Ó la ẹnu, ẹ̀jẹ̀ ló jáde, kì í ṣe ohùn... Mi ò lè sọ bó ṣe pẹ́ tó. Mo mọ̀ pé ó wo mí.

Wọ́n fa Ìsíáká jáde. Òòlù tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta náà ni wọ́n gbé. Mo rí bí wọ́n ṣe fi ṣẹ́ apá rẹ̀, bí ẹ̀ka igi, wọ́n fi òkúta gbá a lẹ́nu, eyín rẹ̀ tú sórí ẹ̀wù rẹ̀. Wọn ò fọwọ́ kàn mí. Táì wà lọ́rùn mi, bóyá wọ́n rò pé ará bureau ìjọba ni mí. Ìsíáká ń fi Yorùbá ké láti ilẹ̀ pé, "Akọ̀wé, sọ fún wọn." Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ tó gbọ́ èdè yẹn. Èmi nìkan. Mo dúró.

Nígbà tí jandáàmù dé, ó béèrè ìwé, mo sì fà á lé e lọ́wọ́. Ó wo òǹtẹ̀ náà, tuntun ló ṣì wà. Ó ní ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yege kò lè ní àbùkù, awakọ̀ ló burú. Ìwé tí mi ò gbàgbé rí, òun ló di Ìsíáká lókùn.

Nílé, mo sọ fún Bàbá pé ó yẹ kí a jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ yíyá náà. Bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ló fi nà mí, títí ẹ̀yìn mi fi bẹ́. Ó ní, "Àlejò ni wá níbí. O fẹ́ fẹnu ọmọléèwé lé gbogbo Yorùbá kúrò ní Bilbalogo?" Mi ò lè sọ pé irọ́ lọ̀rọ̀ yẹn, Kọmandà, òyìnbó tó ń ṣàkóso ìlú, ti lé ènìyàn fún ohun tó kéré jù ú lọ, bí wọ́n ṣe sọ fún mi. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: mi ò sọ fún Bàbá pé Ìsíáká ti bẹ̀bẹ̀. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, kò mọ̀.

Mo lọ wo Ìsíáká ní ẹ̀wọ̀n. Ojú rẹ̀ kan ti dí. Àwọn àbúrò rẹ̀ méjì wà níbẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ tí kò lè jẹ. Ó kí mi, ó ní barka, ó dúpẹ́ pé mo wá. Lẹ́yìn náà ó rọra fi Mooré, èdè àwọn Mọ̀sí, bi mí, lójú wọn, bóyá mo sọ fún Bàbá lóòótọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé, ọkùnrin yìí ṣí ilẹ̀kùn òtítọ́ fún mi. Mo ní mo sọ. Mo tún ní Bàbá ló kọ̀.

Ní Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e, bí Bàbá ti ń ti ìrun bọ̀, àwọn àbúrò náà pàdé rẹ̀ níwájú ìsọ̀. Irin jáàkì ni wọ́n fi lù ú. Mo sáré jáde, mo bá a lórí ilẹ̀, agbárí rẹ̀ là lápá ọ̀tún, wọ́n ṣì ń gbá a nípàá ní ìhà, wọ́n ń fi Mooré pariwo pé wọ́n sọ fún un, wọ́n sọ fún un. Àwọn ará ọjà ló gbà á. Ó yè. Apá òsì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Wọ́n ní lẹ́yìn ààwẹ̀ ni adájọ́ yóò dé fún ẹjọ́ Ìsíáká. Bí mo bá sọ òtítọ́ ní kóòtù, ẹ̀wọ̀n ni Bàbá ń lọ pẹ̀lú apá kan, àwọn ará ilé wa tó yá wa lọ́jà náà á bá a lọ. Bí mo bá dákẹ́, Ìsíáká ni yóò ṣe ọdún tí mi ò mọye rẹ̀. Kámíò ṣì wà ní àgbàlá jandáàmù pẹ̀lú àwọn bàtà bíréèkì náà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, Bàbá sì ti ní kí n lọ tọrọ rẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni tó tú u wò. Ṣé kí n lọ? Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ bá adájọ́? Ṣé kí n kọ́kọ́ wí fún Bàbá pé èmi ló yẹ kí wọ́n lù? Ìwé ìròyìn yín ń dé ọ̀dọ̀ wa látọwọ́ àwọn oníṣòwò tó ń gba Kumasi bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lésì kí ààwẹ̀ tó parí.

Èmi ni mò ń fi ṣíbí bọ́ Bàbá. Láàárọ̀ yìí ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Kí ni wọ́n ní àwọn sọ fún mi?" Mo ní mi ò gbọ́ Mooré wọn dáadáa. Ó ju ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó mọ̀ pé ìlú yìí ni wọ́n bí mi sí. Kí ni kí n sọ fún un bí ó bá tún béèrè?