Àkàndé ní kí n máa lọ

Sátidé, ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹwàá, ọdún 1980

Gbàǹjo tí ìjọ ṣe lónìí dára. Owó oúnjẹ àwọn mẹ́ta tó wà nílé àdúrà kí wọ́n lè jáwọ́ nínú ògógóró la fẹ́. Àkùkọ kan ṣoṣo ni àwọn ará Atosin rà lẹ́ẹ̀mẹrin, tí wọ́n sì ń dá a padà kí á tún un tà.

Lẹ́yìn náà ni Ìyá Ìjọ bèèrè àwọn tó lè máa jókòó ti àwọn mẹ́ta náà. Èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́. Àkàndé ni wọ́n fún mi, ẹni tó bá mi ro oko kòkó fún ọdún mẹ́sàn-án.

Bó ti rí mi tí mo wọlé àdúrà pẹ̀lú Ìyá Ìjọ, ó kọjú sí ògiri.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ. Bí mo bá ti rí yín, òùngbẹ ọtí ló ń gbẹ mí."

Ìyá Ìjọ tọ́ka sí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Àkàndé, ṣé Bàbá Tíṣà wá di ìgò ni?"

"Ìyá, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ bu ún fún mi."

Òótọ́ ni. Gbogbo àwa olóko la máa ń bu ife ògógóró kan fún alágbàṣe láàárọ̀, kí iṣẹ́ lè yá. Èmi fúnra mi kì í mu ún. Mo mọ ohun tó ń ṣe fún èèyàn.

Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́, àmọ́ ó ṣì kọjú sí ògiri. Mo jáde.

Mo ti padà sílé mi. Láti ọ̀la, n ó máa pọn omi sẹ́yìn ilé àdúrà kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo ti bẹ Ìyá Ìjọ kí wọ́n má sọ fún un pé èmi ni, kó lè fọkàn balẹ̀ mu ún.