Ẹ̀wà Tí Kò Jẹ́ Kí N Rí Róòmù

District Heights, 2006

Ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín, mo kí Bàbá Ìbejì. Ṣé orúnkún Màmá ti ń san? Michelle ti wọ kíláàsì kẹta.

Ẹ ní kí n ròyìn Róòmù tí ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ pàgọ́ sí. Ìròyìn wo? Dádì Michelle di ẹ̀wà olóyin tí ẹ fi ránṣẹ́ sínú báàgì, ó ń fọ́nnu pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n sè bí ìyàwó òun. Lórí sítóòfù kékeré lẹ́nu àgọ́! Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni bọ́ọ̀sì fi kó àwọn yòókù lọ wo ìlú, tí mo dúró ti ìkòkò. Wọ́n á dé, wọ́n á jẹun tán, wọ́n á ní, "Sísítà, ẹ̀ bá rí àwọn ilé àtijọ́ yẹn!"

Olúwa á dá yín sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹ̀wà ránṣẹ́ mọ́. Fọ́tò mi kan ṣoṣo nìyí, èmi àti ìkòkò ẹ̀wà lẹ́nu àgọ́. Bí Màmá bá bèèrè Róòmù, ẹ ní ó wà lẹ́yìn ìkòkò.

Àbúrò yín,
Adérónkẹ́