Mọ́nítọ̀ Méjì Tí Mo Tà

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù

Mo ta mọ́nítọ̀ méjèèjì tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù géèmù ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Itamaga, mo fi owó wọn ra ẹ̀rọ géèmù VR tí wọ́n ń dé sójú, tó jẹ́ pé ẹni tó dé e nìkan ló ń rí inú rẹ̀. Mo rò pé mo gbọ́n.

Nígbà mọ́nítọ̀, èrò á pé lé àwọn tó ń gbá a lórí, ariwo á sọ. Ọkọ mi náà á pariwo láti orí àga rẹ̀. Látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú, ìdí bọ́ọ̀lù géèmù yẹn nìkan ni ohùn rẹ̀ ti ń jáde.

Lónìí, oníbàárà kan ṣoṣo ló wá. Ó dé e sójú, ó ń ju ẹ̀ṣẹ́ kiri, kò sẹ́ni tó rí ohun tó ń bá jà.

Mo ní kí ọkọ mi dé e wò. Ó ti ọwọ́ mi kúrò.

"Ìyá Ṣadé, ta ni màá bá pariwo nínú ẹ̀?"