Ìwé Tí Mo Kọ Tako Mọ̀nsúrát

Èmi, Samuel Oyèdèjì Ògúnwálé, ọmọ bíbí Ṣakí, tí mo ti ń gbé Ìkòròdú láti ọdún 1986, olùkọ́ kẹ́mísírì àyíká tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí. Orí mi pé. Kò sí ẹni tó fi ipá mú mi. Gbogbo ìwé ìhágún tí mo ti kọ ṣáájú, títí kan èyí tí mo kọ ní oṣù Kejì ọdún yìí, mo pa á rẹ́. Ìdí rẹ̀ wà nísàlẹ̀.

1. Ilé mi tó wà ní Agric, mo fi sílẹ̀ fún Fisáyọ̀, ọmọ mi kan ṣoṣo. Òun àti Amòfin Hussein ni mo yàn láti mú ìwé yìí ṣẹ. Kí wọ́n má lé àwọn tó háyà yàrá ẹ̀yìn jáde kí ọdún méjì tó pé. Fisáyọ̀, mo mọ̀ pé òrùlé yẹn ń jò. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi gba omi òjò kò ráyè dí i.

2. Ewúrẹ́ mi márààrún di ti aládùúgbò mi, Mujeeb, tó ń bá mi fún wọn ní èèpo ẹ̀gẹ́. Kí ó má ta èyí tó lẹ́sẹ̀ funfun. Fọlákẹ́, ìyàwó mi tó ti kú, ló sọ ìyá ìyá ewúrẹ́ náà lórúkọ.

3. Òṣùwọ̀n mi kékeré àti àwọn ike mẹ́fà tí mo fi ń gba òjò, kí wọ́n kó wọn fún ilé ẹ̀kọ́ girama tí mo máa ń gbé wọn sórí òrùlé rẹ̀ ní Agbowa.

Mi ò lè dárúkọ àwọn ike yẹn kí n má dárúkọ Mọ̀nsúrát Súbérù. Ọdún 1991 ló dé ọ̀dọ̀ mi gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, láti Ẹ̀pẹ́, níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń yan ẹja tà ní Ọjà Olúwo. Èmi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń kán kẹ́míkà sínú omi òjò, kí a fi sùúrù dúró de ẹ̀kán ìkẹyìn tó máa yí àwọ̀ rẹ̀ padà. A jọ ń gba òjò ní Agbowa àti Ẹ̀pẹ́. Lọ́jọ́ kan, ó ní: “Ọ̀gá, òjò nìkan kọ́. Láti kékeré mi ni ojú ìyá mi ti máa ń pọ́n. Kí ló wà nínú èéfín yẹn gan-an?” Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní èéfín ẹja kò sọ ẹnikẹ́ni di ọ̀jọ̀gbọ́n rí.

Ó sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó wádìí ohun tó wà nínú èéfín náà, bó ṣe ń sọdá ọ̀sà, àti òjò tó ń gbé e padà sílẹ̀. Àwọn obìnrin ọjà yí ààrò wọn padà nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn òyìnbó wá wò ó, èmi ni mo sì júwe ọ̀nà fún wọn. Bí jọ́náà tuntun, ìwé tí àwa onímọ̀ ń tẹ ìwádìí wa sí, bá dé, orúkọ tèmi ni mo kọ́kọ́ máa ń wá, lẹ́yìn náà tirẹ̀. Tí mo bá rí tirẹ̀ tí mi ò rí tèmi, oúnjẹ kì í lọ lọ́fun mi lọ́jọ́ náà. Fọlákẹ́ bi mí nígbà kan pé: “Ṣé obìnrin yìí lẹ fẹ́ ni, àbí iṣẹ́ rẹ̀?” Mo bínú, mo jáde síta. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, Fọlákẹ́.

4. Nípa ìwé tí mo kọ ní 2019. Ẹgbẹ́ àwa onímọ̀ kẹ́mísírì fẹ́ fi àmì ẹ̀yẹ dá ẹni tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí kẹ́mísírì àyíká àti afẹ́fẹ́ lọ́lá. Wọ́n ní kí èmi olùkọ́ rẹ̀ jẹ́rìí sí iṣẹ́ Mọ̀nsúrát. Mo kọ ojú ìwé kan. Mo ní òṣìṣẹ́ kára ni. Lẹ́yìn náà mo ní a kò lè gbára lé iye èéfín tó wọ̀n nínú òjò ní Ẹ̀pẹ́ ní 1997, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó wọ̀n ọ́n. Irọ́ ni. Èmi fúnra mi wọ̀n ọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan náà láìsọ fún un, mo ń wá àṣìṣe rẹ̀. Iye tèmi àti tirẹ̀ ṣe déédéé. Ìwé àkọsílẹ̀ náà wà nínú dúrọ́ọ̀ mi bí mo ṣe ń kọ irọ́ yẹn.

Ẹlòmíràn ni wọ́n fún. Mọ̀nsúrát wá kí mi nílé. “Ọ̀gá, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé fún mi. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ mi ni ò tíì tó.” Mo fún un ní mínírà tútù. Mo ní kó má jẹ́ kó dùn ún.

Ní 2024, wọ́n padà fún un. Láti orí pèpéle ló ti ní kí n dìde, ó sọ fún gbogbo gbọ̀ngàn pé èmi ni mo kọ́ òun. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Èmi náà ń pàtẹ́wọ́, mo ń wo àmì ẹ̀yẹ onídíńgí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ń gbàdúrà pé kó bọ́.

5. Nínú ìwé ìhágún ti oṣù Kejì, mo ní kí wọ́n kó ẹ̀dà ìwé 2019 náà àti àkọsílẹ̀ 1997 fún Mọ̀nsúrát lẹ́yìn ìsìnkú mi. Fisáyọ̀ kà á, inú bí i. “Bàbá mi, ẹ fẹ́ kó wá bá sàréè jà?” Ní ọjọ́ kẹta mo kó méjèèjì, mo wọ ọkọ̀ lọ bá Mọ̀nsúrát ní Ẹ̀pẹ́. Ìdúró ló ka ìwé 2019 náà, ní ẹnu ọ̀nà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní: “Ìyá mi ṣì wà láyé ní 2019.” Ó gba ìwé àkọsílẹ̀ náà lọ́wọ́ mi, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Láti ọgbọ̀n ọdún, kò sí ọdún Ìtúnu Àwẹ̀ kan tí kò fi ẹja yíyan ránṣẹ́ sí mi. Tọdún yìí, kò sí nǹkan.

6. Mo fẹ́ fi gbogbo ìwé inú yàrá ìkàwé mi sílẹ̀ fún un. Hussein pè é. Mọ̀nsúrát ní òun kò fẹ́ ogún mi. Ó wá béèrè bóyá lóòótọ́ ni pé ẹlẹ́rìí ìwé ìhágún kò gbọdọ̀ jogún nínú rẹ̀. Hussein ní bẹ́ẹ̀ ni. “Ó dáa. Ẹ fi mí ṣe ẹlẹ́rìí.” Nítorí náà, àwọn ìwé náà di ti Lateefah, akẹ́kọ̀ọ́ tí Mọ̀nsúrát ń tọ́ lọ́wọ́. Kí Fisáyọ̀ fi ẹ̀dà abala kẹrin ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wa lọ́sẹ̀ yìí, kó má dúró de ikú mi.

Mi ò ní parọ́ nínú ìwé tó gbẹ̀yìn mi: ìlara náà kò tíì tán. Mọ̀nsúrát ti dé, ó jókòó níwájú mi bí mo ṣe ń parí ìlà yìí. Bàtà rẹ̀ ni mo ń wò, mo ń rò ó pé ìlú òyìnbó wo ni wọ́n ti pè é tó ti rà á.

Mo fọwọ́ sí i ní Ìkòròdú, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹwàá, ọdún 2025.

S. O. Ògúnwálé

Àwọn ẹlẹ́rìí:

Kabir Adéòjó, apòògùn, Agric, Ìkòròdú.

Mọ̀nsúrát Súbérù, ọ̀jọ̀gbọ́n, Ẹ̀pẹ́. Mo kà á láti òkè délẹ̀. Ìṣojú mi ni wọ́n ti fọwọ́ sí i. Mi ò tíì dárí jì wọ́n.