Ọ̀rọ̀ Òkè Wa Tí Mo Gbé Mì

Sátidé, Kettering, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ojú ń tì mí. Carmen, aládùúgbò wa ará Spain, fi fídíò ọdún ìlú wọn hàn wá. Gbogbo ìlú ń tẹ̀ lé ère Màríà lọ sórí òkè tí àwọn baba ńlá wọn sá sí nígbà ogun.

Omi bọ́ lójú Màmá mi, tí wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. "Sọ fún un pé àwa náà ní òkè tó gbà wá lọ́wọ́ ogun. Ọdọọdún la sì ń gùn ún lọ dúpẹ́."

Mo yíjú sí Carmen, mo ní Màmá sọ pé fídíò yẹn dára. Mi ò fẹ́ kó pè wá ní abọ̀rìṣà. Carmen tóun náà ń tẹ̀ lé ère!

Nígbà tó lọ tán, Màmá bi mí pé kí ló sọ sí ọ̀rọ̀ òkè wa. Mo ní ó dùn mọ́ ọn.

Inú wọn dùn. Wọ́n ní lọ́la àwọn máa sọ fún un bí àwọn ṣe pọ̀n mí gun òkè náà.

Èmi náà ni màá túmọ̀ ẹ̀.